Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa dídá ẹgbẹ́ àwọn oní-Elixir sílẹ̀ l'Ékòó

Python àti Elixir jẹ́ èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́ Python rọrùn láti kó jọ: ẹ ṣáà kéde, èrò á dé. Ti Elixir ò rí bẹ́ẹ̀. José Valim, ọmọ Brazil, ló dá èdè náà sílẹ̀, ẹ̀dà 1.0 jáde ní 2014, síbẹ̀ àwọn tó ń fi í jẹun níbí ò tíì pọ̀. Ẹ má dúró de ogún èèyàn. Mẹ́rin tí kì í pa ìpàdé jẹ ti tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ọjọ́ kan, kí ẹ má sì sún un. Sátidé kejì nínú oṣù, aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago kan, ni mo fara mọ́. Ìpàdé tó bá wọ ọ̀sán Sátidé ti kọlu òde àríyá, kò sì ní borí. Kí ẹ tó gba yàrá, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun tó ń pa ìpàdé àkọ́kọ́ gan-an ni fífi Elixir sórí láptọ́ọ̀pù. Elixir ò dá dúró. Orí Erlang, èdè mìíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Ericsson ní 1986, ló jókòó lé. Bí èèyàn mẹ́wàá bá ń fa Erlang lẹ́ẹ̀kan náà lórí dátà ẹnì kan, wákàtí méjì ti lọ nìyẹn. Bí ẹ̀dà Elixir àti ti Erlang ò bá sì bára mu, àṣìṣe tó máa jáde ò ní yé ẹni tuntun. Ẹ gba Livebook Desktop, áàpù tí èèyàn ti lè kọ Elixir kó sì rí èsì rẹ̀, ti Windows àti ti Mac sílẹ̀ láti ilé, kí ẹ kó o sórí fláàṣì mẹ́ta. Elixir àti Erlang ti wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi `Mix.install`, àṣẹ tó ń fa àkójọ kóòdù ẹlòmíì wọlé, kún ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, torí orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá ohun tó fẹ́.

Ìtàn bí WhatsApp ṣe lo Erlang ò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó wá tẹ èyí, tó ń ka iye lẹ́tà inú ọ̀rọ̀, fúnra wọn:

`String.length("ọ̀rọ̀")`

Èsì rẹ̀ ni 3, bí ojú wa ṣe rí i. Kí ẹnì kan tẹ `len("ọ̀rọ̀")` sínú Python: 5 ni, tàbí 7 bí kíbọọ̀dù bá ya àmì abẹ́ lẹ́tà sọ́tọ̀, nítorí ó ń ka àmì ohùn mọ́ lẹ́tà. Ẹ wá kọ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú: `String.reverse` á dá ọ̀rọ̀ padà láìfọ́, àmọ́ `[::-1]` ti Python á gbé àmì ohùn lé orí r. Ẹni tó ti ń jà pẹ̀lú àmì ohùn nínú áàpù Yorùbá á sún àga mọ́ iwájú. Mi ò tíì mọ ìfihàn tó dára ju èyí lọ fún àwa.

Kí wọ́n tó dìde, ẹ ti mọ ẹni tó máa sọ̀rọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ àti ohun tó máa sọ, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Kí èèyàn méjì sì jọ jẹ́ alábòójútó ẹgbẹ́ lórí WhatsApp, kí àwọn méjèèjì mọ ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn yàrá, torí ẹnì kan lè rí fisà gbà nígbàkigbà.