Sí ẹ̀yin àbúrò mi tó ń ṣe ọ̀sílárì ní Òṣogbo

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣe ọ̀sílárì, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ní àwọn ilé ìwòsàn aládàáni, láti Òkè-Fìà dé Ìgbọ̀nà, mo mọ ohun tó ń dùn yín. Ẹ̀yin lẹ gbé aláìsàn dìde, ẹ̀yin lẹ nu ìgbẹ́, ẹ̀yin lẹ pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lóru. Tí ara rẹ̀ bá yá, dókítà ni àwọn ẹbí ń kí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé iṣẹ́ wa kì í hàn nígbà tó bá dára. Ta ni yóò rí egbò ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ tí kò jáde? Aláìsàn tí kò lè yíra padà, wákàtí méjì-méjì là ń yí i: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ òsì. Ẹ gbé e ni, ẹ má wọ́ ọ, torí wíwọ́ lórí aṣọ ń bó awọ. Ẹ yẹ egungun ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀ wò. Lára awọ dúdú bíi tiwa, pípọ́n kì í sábà hàn. Ibi tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tó gbóná tàbí tó le lọ́wọ́, ni kí ẹ wá. Tí ẹ bá rí i, ẹ má ra á, ẹ pe nọ́ọ̀sì.

Kí ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀: "Aago méjì òru, a yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, gìgísẹ̀ ọ̀tún gbóná, a ti sọ fún nọ́ọ̀sì." Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ̀. "Ó tọ̀ díẹ̀" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì tó ní ìlà, ẹ kọ iye mililítà. Àgbàlagbà tí wọ́n fi rọ́bà ìtọ̀ sí, tí ìtọ̀ rẹ̀ kò tó 30 mililítà ní wákàtí kan, ẹ má dúró de ilẹ̀ tó máa mọ́ kí ẹ tó sọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ẹ kò ṣe nǹkan kan, ìwé tó ní aago, iye àti orúkọ yín ni yóò gbèjà yín.

Ìyìn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ sá fún. Ọ̀gá tí kì í dúpẹ́ lè sọ lójijì pé ọwọ́ yín ti já gaara, kí ẹ máa gún abẹ́rẹ́, kí ẹ máa fa omi sí aláìsàn lára. Ó máa ń dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ ìdí tó bá ṣì ibi sì lè ba iṣan ẹsẹ̀ ọmọdé jẹ́ títí ayé. Ẹ dáhùn pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò ní ìwé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé tíréè dání." Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wà ní Òṣogbo níbí, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera sì wà ní Iléṣà.

Ní ti owó, inú ń bí mi. Òfin owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000 láti 2024, kò kan ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ yín wà. Síbẹ̀, òfin iṣẹ́ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé àdéhùn láàárín oṣù 3, ìsinmi ọjọ́ kan nínú ọjọ́ 7, àti ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ béèrè ìwé náà. Ẹ lọ ní ẹni méjì tàbí mẹ́ta, ní ọ̀sán tí wọ́ọ̀dù bá rọlẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹnìkan nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọ̀gá fa ọ̀rọ̀.