Tó bá jẹ́ lámilámi yìí nìkan ló kù létí omi

Mo fẹ́ràn kí n máa wo lámilámi létí omi adágún. Kì í ṣe èyí ńlá tó máa ń na ìyẹ́ sílẹ̀ gbọọrọ tó bá bà ni mo ń sọ o. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tó máa ń pa ìyẹ́ rẹ̀ pọ̀ sẹ́yìn. Ààyò mi nínú wọn ni Ischnura senegalensis. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n oríkèé kan wà lápá ìdí akọ tó ní àwọ̀ búlúù tó ń dán yinrin. Àwọn abo kan náà ní irú àwọ̀ yìí, ojú tí kò mọ̀ wọ́n á sì pè wọ́n ní akọ. Ó pọ̀ káàkiri Áfíríkà, ó sì wà ní Éṣíà títí dé Japan.

Inú ewéko omi ni abo máa ń ki ẹyin rẹ̀ sí. Ọmọ tó bá jáde kò ní ìyẹ́. Inú omi ló ń gbé, nǹkan mẹ́ta tó rí pẹlẹbẹ bí ewé nídìí rẹ̀ ló sì fi ń mí. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń nà jáde lójijì gbá ohun tó fẹ́ jẹ mú, títí kan ọmọ ẹ̀fọn. Tó bá tó àkókò, á gun ewéko jáde, á bọ́ awọ, ó di ẹni tó ń fò. Ewéko ló gbẹ́kẹ̀ lé látìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí bí wọ́n bá ro etí omi kanlẹ̀, tí wọ́n da kọnkéré yí i ká, tí wọ́n ní àwọn tún un ṣe.

IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí, kò kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu, òótọ́ sì ni. Ó lè fara da omi tó ti dọ̀tí. Ohun tó ń kọ mí lóminú gan-an nìyẹn: ibi tí àwọn ìbátan rẹ̀ tó nílò omi mímọ́ àti ibòji igbó ti pa run, òun ṣì lè wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni mo rí, ọkàn mi kì í balẹ̀ lórí omi náà. Ní 2021, IUCN kéde pé nínú oríṣi lámilámi 6,016 tí wọ́n yẹ̀ wò, ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún lè pa run.

Ẹni tó bá ní adágún, tó bá pọn dandan kó ro etí rẹ̀, kó ro apá kan, kó fi ìyókù sílẹ̀ títí ibi tó ro yóò fi hù padà. Kó má sì fọ́n oògùn apakòkòrò síbẹ̀ rárá.