Nígbà ìsinmi, ọ̀rọ̀ kan péré ni kí ẹ sọ

Ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni mí, àmọ́ Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ni mo ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Nígbà tí orúnkún ò jẹ́ kí n lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́, mo lọ gba ìwé ẹ̀rí akọ́nimọ̀ọ́gbá ti CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà. Ẹ lọ gbà á, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó gba iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi kò sí nínú ìwé yẹn.

Ọjọ́ Àìkú kan ni. Góòlù kan la fi ń ṣíwájú nígbà tí fèrè ìsinmi dún. Inú mi dùn, mo sì fẹ́ káwọn ọmọ mọ̀ pé mo gbọ́n. Mo fi Faransé bẹ̀rẹ̀, mo ń ya pátákó, mo ń sọ ẹni tí yóò gòkè, ẹni tí yóò dúró, ẹni tí yóò ṣọ́ ta ni. Mi ò dákẹ́ títí rẹfirí fi kan ilẹ̀kùn. Omi ò tíì kan ẹnu àwọn míì.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbá méjì sáwọ̀n wa, apá òsì kan náà ni méjèèjì gbà wọlé. Ọmọ tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ọmọ Kétu bíi tèmi, kàn ń wo ojú mi. Lẹ́yìn eré, mo fi Yorùbá bi í pé kí ni mo ní kó ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, Kóòṣì. Ẹ ní kí n gòkè, ẹ tún ní kí n dúró. Mi ò mọ èyí tí mo máa ṣe."

Òótọ́ ni. Mo sọ méjèèjì.

Ìṣẹ́jú 15 ni òfin fún wa. Ẹ yọ àlọ àti àbọ̀ kúrò, ẹ yọ omi, ẹ yọ ẹni tó ń tún okùn bàtà dè. Èyí tó kù kò tó nǹkan. Gùn, Yorùbá àti Faransé ló sì wà nínú yàrá wa. Ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ kò ráyè túmọ̀ èdè.

Ní báyìí, wọ́n á kọ́kọ́ mumi, èmi á dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló le jù nínú iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà, màá bi aṣọ́lé pé kí ló rí, torí òun ló ń wo gbogbo pápá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí mo fẹ́ sọ ló máa sọ, wọ́n sì ń gbọ́ tiẹ̀ ju tèmi lọ. Màá wá sọ ẹyọ kan, ní èdè tí kálukú gbọ́, màá ní kẹ́nì kan tún un sọ.

Ògbufọ̀ Bobby Robson, kóòṣì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni Mourinho ní Lisbon kí òun náà tó di ọ̀gá akọ́nimọ̀ọ́gbá. Mo gbà pé ibẹ̀ ló ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé etí agbábọ́ọ̀lù. Ní 2019, nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ pàdé Mòrókò níbi Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Íjíbítì, bọ́ọ̀lù pẹ́náritì Ziyech ti Mòrókò lu òpó ní òpin eré, wọ́n tún lé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa jáde ní àfikún àkókò, síbẹ̀ kálukú wọn mọ ibi tó yẹ kó dúró. A fi pẹ́náritì 4 sí 1 lé Mòrókò lọ sílé.

Ẹ sì kọ àdéhùn yín sílẹ̀. Ẹnu lásán la fi ṣe tèmi, owó oṣù méjì ṣì wà lọ́rùn ẹgbẹ́ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ tó ń ṣọ́ apá òsì lọ́jọ́ yẹn ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Kétu báyìí. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n borí. Mo bi í pé kí ló sọ fún wọn nígbà ìsinmi.

"Mo ní kí wọ́n dúró, Kóòṣì. Mi ò fi nǹkan kan kún un."