Ẹ Béèrè Ìwé Àṣẹ Kí Típà Tó Ba Títì Yín Jẹ́

Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ pílásà tàbí ilé epo sí ẹnu títì yín, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì kan ti tó fún ìkéde. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ní Tanke, ní Ìlọrin, nìyẹn. Katapílà ti ń wú ilẹ̀ kí a tó mọ̀ pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá aláàkàrà tó ń jókòó sí oríta náà kò gbọ́. Alfa tí ilé kéú rẹ̀ kọjú sí ibẹ̀ kò gbọ́. Alángùá, ìyẹn olórí àdúgbò wa, fúnra wọn, ẹnu àwọn lébìrà ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Kòtò ló ká mi lára jù. Wọ́n gbẹ́ ojú gọ́tà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ju pákó kọ̀ọ̀kan sí iwájú ilé, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Kò síná, kò sí aṣọ pupa tí a fi ń ṣàmì ewu. Bí òjò bá ti rọ̀, omi á bo títì àti kòtò, èèyàn ò ní mọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Àwọn ọmọ kéékèèké á máa ti ilé kéú bọ̀ lálẹ́, wàláà lábẹ́ abíyá, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ wá pákó nínú omi. Lọ́sàn-án ẹ̀wẹ̀, típà oníyanrìn á kó sáré wọlé lásìkò tí iléèwé ń jáde, ọlọ́kadà á yà fún un, apá ibi tí kòtò wà ló sì máa yà sí.

Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn á dí títì. Mo yé wọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn, torí ọjọ́ tí ẹ bá dí títì ni wọ́n á sọ pé ẹ kórìíra ìdàgbàsókè, ọ̀rọ̀ kòtò á sì di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ìwé àṣẹ ni kí ẹ béèrè. Òfin ètò ìlú ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé gbàṣẹ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá tóbi, wọ́n tún lè ní kó mú àlàyé wá nípa ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe fún àyíká. Òfin ọdún 2011 lórí ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ìjọba sì fún ọ́fíìsì ní ọjọ́ 7 láti dáhùn. Ẹ kò nílò láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ ọ́ lọ́dún 2025 pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ kọ lẹ́tà tó ṣe pàtó. "Ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà wá" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Tiwa sọ ibi tí kòtò wà, àkókò tí típà ń kọjá, àti ohun tí a fẹ́: kí wọ́n bo gọ́tà, kí wọ́n tan iná síbẹ̀, kí típà má wọlé nígbà tí àwọn ọmọ ń lọ tàbí ń bọ̀. A ní bí iṣẹ́ mìíràn bá tún ń bọ̀, kí wọ́n kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti níbi ìpàdé àwọn onílé. Onílé, ayálégbé àti ìyá aláàkàrà ló jọ fọwọ́ sí i. Ẹ rí i pé ọ́fíìsì tó gbà á lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín, torí láìsí òǹtẹ̀, wọ́n á ní àwọn ò rí lẹ́tà.

Ẹnjiníà wọn wá bá wa jókòó nílé Alángùá. Wọ́n ti bo gọ́tà iwájú ilé kéú, típà sì ti ń dúró di ìgbà tí àwọn ọmọ bá wọlé ẹ̀kọ́. Iná nìkan ni wọn ò tíì ṣe. Lẹ́tà kejì wà lọ́nà lórí ìyẹn.