Ẹni Tó Ń Ráhùn Ṣì Wà Nídìí Ìsọ̀ Wa

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ eré, mo ti ṣèlérí fún díẹ̀ nínú yín pé n ó kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, kí n yé máa tún un sọ ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá gbé fóònù wá bá mi, tojú rẹ̀ pọ́n, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo nǹkan tí wọ́n ń sọ sí wa." Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ eré alápá púpọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Wọ́n ti bú mi lórí fóònù, wọ́n ti bú mi lọ́jà, wọ́n ti bú mi níwájú àna mi. Èyí tó là mí lójú jù ni ti gààrí.

Nínú eré wa àkọ́kọ́, a ní obìnrin kan tó ń fi gààrí títà tọ́ ọmọ. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo ní kó fa ẹ̀gẹ́ tu láàárọ̀, kó rin ín lọ́sàn-án, kó yan án nírọ̀lẹ́, kí olówó èlé wá já gbogbo rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Lójú tèmi, ó yá, ó sì pa èèyàn lẹ́kún. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, màmá kan tó ń ta gààrí ní Òkè-Ajé pe ìyá mi. Kì í ṣe èmi ló pè o, ìyá mi ni. Ó ní kí wọ́n bá òun bi ọmọ wọn léèrè, irú gààrí wo ni wọ́n ń jẹ nílé tó gbé dàgbà? Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fà láàárọ̀, tí wọ́n yan nírọ̀lẹ́, òun náà ni wọ́n ń pè ní gààrí Ìjẹ̀bú? Ṣé ọmọ náà kò mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ sun ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún nínú àpò kó tó kan ni?

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní eré ni, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ gààrí. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọ̀rọ̀ ti di yẹ̀yẹ́ káàkiri. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó ń gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwọn ará Rẹ́mọ, tí wọn kì í fẹ́ ká pè wọ́n ní Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ mìíràn, náà di Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń bá wọn bínú gààrí.

Mo wá lọ bá màmá náà nísọ̀ rẹ̀. Kí n má purọ́, n kò lọ bẹ̀bẹ̀, àlàyé ni mo lọ ṣe. Ó jẹ́ kí n rojọ́ tán. Gbogbo bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń fi kóńgò wọn gààrí fún ẹnì kan, ó ń fi ọwọ́ pa á lórí kó gún régé. Lẹ́yìn náà ló ní: "Ṣó o rí oníbàárà tó ń bá mi ráhùn pé gààrí mi ò kan tó? Ìyẹn ṣì fẹ́ rà. Èyí tó tọ́ ọ wò, tó ní 'ẹ ṣé, màmá,' tó rọra kọjá sí ìsọ̀ kejì, mi ò ní í rí i mọ́ nìyẹn. Mò ń bínú sí ẹ, àbí? Mo ṣì ń wo eré ẹ nìyẹn."

N ó padà sórí màmá yìí.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo bá olóòtú kan ṣiṣẹ́, n kò ní í dárúkọ rẹ̀. Eré náà ti rinlẹ̀, ó ti wọ apá kẹta. Òun àti ọmọbìnrin tó ń ṣe ìyàwó kékeré wá ní gbólóhùn asọ̀ lórí owó, ọmọbìnrin náà kò sì wá sí lókéṣọ̀n mọ́. Olóòtú mú ẹlòmíràn, ó gbé aṣọ ẹni tó lọ wọ̀ ọ́, ó ní kí iṣẹ́ máa lọ. Orúkọ kan náà, ọkọ kan náà, yàrá kan náà, ojú ọ̀tọ̀. Mo dábàá pé kí á kọ gbólóhùn kan ṣoṣo síbẹ̀rẹ̀ eré, kí àwọn èèyàn mọ̀. Ó ní wọ́n á gbàgbé.

Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ti ń béèrè pé ta nìyí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, olóòtú tan kámẹ́rà fóònù rẹ̀, ó sì kojú wọn: ṣé wọ́n dá owó ni? Ṣebí ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wò ó? Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ ṣe tiẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo rí i bí ara ṣe ń tù ú bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni tí egbò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Ẹ kíyè sí ìyẹn dáadáa. Èsì tó bá ń tu ẹni tó ń fọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ẹ tó gbé e síta. Irọ́ sì ni pé ọ̀fẹ́ ni. Dátà ni wọ́n fi wò ó, oorun alẹ́ Jímọ̀ ni wọ́n fi wò ó, ẹlòmíràn sì ti fi orúkọ ìyàwó kékeré yẹn pe ọmọ rẹ̀.

Iléyá bọ́ sáàárín rògbòdìyàn yẹn. Ẹ sì mọ bí Ìjẹ̀bú-Òde ṣe ń rí ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí regbérégbé, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa, bá ń jó wọ Ojúde Ọba, tẹṣin ń fò, tí ìbọn ń dún. Kò síbi téèyàn máa sá sí. Mo wà láàárín ẹgbẹ́ mi, mo ti ró aṣọ ẹgbẹ́, ni ẹ̀gbọ́n kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù wálé bá gbá mi léjìká: "Níbo lẹ gbé ìyàwó wa lọ?"

Ìyàwó wa, ló wí. Kò ní ìyàwó yín.

Ẹni tí ìyà yìí wá jẹ jù kì í ṣe olóòtú. Ọmọbìnrin tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá ni. Wọ́n bú imú rẹ̀, wọ́n bú ohùn rẹ̀, wọ́n bú ìyá tó bí i. Lọ́jọ́ kan, ó wà nínú ilé ìwẹ̀ fún bí wákàtí kan, a rò pé ó ń múra ni. Kì í ṣe tiwa nìkan. Kelly Marie Tran, tó kópa nínú fíìmù Star Wars tó jáde ní 2017, pa gbogbo ohun tó wà lójú Instagram rẹ̀ rẹ́ ní 2018 nítorí èébú. Òun kọ́ ló kọ ìtàn náà. Tiwa náà, èmi ni mo kọ ọ́, mo sì dákẹ́. Títí dòní, ìdákẹ́ yẹn ń dùn mí ju gààrí lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá dé, ẹ jáde sọ pé èmi ni mo kọ ọ́, ẹ fi òṣèré sílẹ̀. Ẹni tó sì ń bú ìyá oníyàá, ẹ tì í síta láìṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ má fi tiẹ̀ bojú kí ẹ wá máa pe gbogbo ẹni tó ní ohùn yín kò já gaara ní ọ̀tá ilé.

Àwọn ẹ̀sùn kan wà tí kò gba àròyé. Ní ìparí oṣù kẹrin 2019, Paramount, ilé iṣẹ́ fíìmù kan ní Amẹ́ríkà, gbé ìpolówó fíìmù Sonic the Hedgehog jáde. Ẹranko aláwọ̀ búlúù tí àwọn èèyàn ti ń fi ṣeré nínú géèmù láti 1991 ni, àwọn wọ̀nyí wá lọ fún un ní eyín èèyàn. Ariwo sọ. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí adarí fíìmù náà, Jeff Fowler, fi jáde sọ pé àwọn ti gbọ́, àwọn á tún un ṣe. Wọ́n sún fíìmù náà láti oṣù kọkànlá 2019 sí oṣù kejì 2020, wọ́n tún ẹranko náà yà, fíìmù náà sì pa owó tó lé ní mílíọ̀nù 300 dọ́là. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú, iṣẹ́ ló gùn.

Òpin ìtàn kì í ṣe eyín, ṣá. Nígbà tí géèmù Mass Effect 3 jáde ní oṣù kẹta 2012, inú bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sí bó ṣe parí. Ní oṣù kẹfà, BioWare, tó ṣe é, fún wọn ní àfikún lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kò yí òpin náà padà, wọ́n là á yé wọn sí i ni. Àwọn kan gbà, àwọn kan kò gbà títí di òní. Èmi ì bá ṣe bíi ti BioWare. Ẹni tó ké pé inú ń run òun, òótọ́ ló ń sọ, ẹ má bá a jiyàn. Oògùn tó ní kí ẹ lọ rà wá fún òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lórí Game of Thrones, eré alápá púpọ̀ ti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HBO, ní 2019, ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tó fọwọ́ sí i pé kí HBO tún apá tó kẹ́yìn ṣe. HBO kò ṣe é. Ká ní wọ́n fẹ́ ṣe é ńkọ́, èwo nínú mílíọ̀nù kan òpin ni wọn ì bá mú?

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ti Bàbá Ogunde tàn yín, pé àwọn náà rí àríwísí, wọn kò sì gbà. Ọmọ Ọ̀sọ̀sà nítòsí wa níbí ni wọ́n, 1945 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ eré wọn sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè wọ́n ní 1964 nítorí eré wọn, Yorùbá Ronú. Ẹni tó fẹ́ pa yín lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Ẹni tó sanwó wọlé, tó jókòó síwájú ìtàgé, tó wá ń pòṣé, ìyẹn ń fẹ́ kí ẹ ṣe é dáa.

Kí ló gbẹ̀yìn eré olóòtú wa? Nígbà tó máa fi di oṣù kejì, ariwo rọlẹ̀. Inú olóòtú dùn, ó ní, "Ẹ ò rí i? Mo ní wọ́n á gbàgbé." Èmi ń wo iye èèyàn tó ṣì ń wò wá. Wọ́n ti kọjá sí ìsọ̀ kejì.

Màmá oní-gààrí ńkọ́? Nínú apá tó tẹ̀ lé èyí tó bínú sí, mo kọ oníbàárà kan wọlé tó bu gààrí obìnrin yẹn sẹ́nu, tó ní kò kan. Obìnrin náà bú sẹ́kún, ó jẹ́wọ́ pé gbèsè ló jẹ́ kí òun kánjú yan án. Ìran tó dùn jù nínú eré náà nìyẹn, àṣìṣe mi sì ni ìdí rẹ̀. A lọ mú màmá fúnra wọn wá sí lókéṣọ̀n. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n gba igbá lọ́wọ́ òṣèré wa, wọ́n ní kó yéé ro ó bí ẹni ro ọkà, kó máa fi ẹ̀yìn igbá tẹ̀ ẹ́ mọ́ agbada kó tó yí i.

Alẹ́ Jímọ̀ ni apá náà jáde. Aago méje àárọ̀ Sátidé, fóònù ìyá mi dún. Màmá ni. Gààrí ti dáa, wọ́n ní. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà nídìí èéfín láti àárọ̀, kí ló dé tí ojú rẹ̀ ò pọ́n?

Mo wá bíírò mi.