Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára àwòrán Anne ti Cleves

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ya àwòrán ojú, ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ yìí ti sú mi. Iṣẹ́ tí mo ń rí lọ́wọ́ yín, ìlẹ̀kẹ̀ ń dán, aṣọ òkè ṣeé kà ní fọ́nrán-fọ́nrán, ṣùgbọ́n ojú tó wà láàárín wọn kò sọ nǹkan kan. Hans Holbein, ayàwòrán Ọba Henry Kẹjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ sínú kòtò yìí rí, òun náà tí a ń wo ọwọ́ rẹ̀ kọ́ṣẹ́.

Èkíní, ẹ ya ojú tán kí ẹ tó ronú ọ̀dà. Ní oṣù kẹta 1538, wákàtí 3 péré ni Christina ti Denmark, opó ọmọ ọba tí Ọba Henry ń wò láti fẹ́, fi jókòó fún Holbein ní Brussels. Holbein a máa kun bébà rẹ̀ ní àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́, kí àwọ̀ ara ti wà nílẹ̀. Á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ojú, á sì kọ orúkọ àwọ̀ aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀dà di ẹ̀yìn ìjókòó yẹn, lórí pákó igi óàkù tó ga ní 179 sẹ̀ǹtímítà. Aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú, òrùka olókùúta pupa kan: kò sí ohun tó ń bá ojú Christina du ojú wa.

Èkejì, ìpìlẹ̀ pákó. Àtè awọ ẹran àti ẹfun lúbúlúbú ni. Ẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ wá há a títí á fi dán. Bí àtè bá pọ̀ jù, á sán. Bó bá kéré jù, ẹfun á máa bó. Ẹ má lọ azurite, òkúta tí a fi ń ṣe ọ̀dà búlúù, kúnná jù, àwọ̀ búlúù rẹ̀ á ṣá.

Mo ní ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti Anne.

Ní oṣù kẹjọ 1539, wọ́n rán Holbein lọ sí ìlú Düren ní Jámánì kó lọ ya Anne, ọmọ ìdílé tó ń jọba ní ilẹ̀ Cleves, àti Amalia àbúrò rẹ̀, nítorí Ọba ń wá ìyàwó. Àwọn ikọ̀ Ọba ti ráhùn ṣáájú pé aṣọ bo àwọn ọmọge náà débi pé àwọn kò rí ojú wọn. Ẹ wo àwòrán Anne ní Louvre, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Paris, lórí awọ ẹran tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kánfáàsì, 65 sẹ̀ǹtímítà lóòró, 48 níbùú. Ó kọjú sí wa gbọnrangandan, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú. Wúrà wà lórí ìborí, wúrà wà láyà. Imú tó bá kọjú síni báyìí, ibú rẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí. Èèyàn ò ní mọ bó ṣe yọ síta tó.

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1540 ni Ọba rí Anne ní Rochester, inú rẹ̀ kò dùn. Wọ́n ṣègbéyàwó lọ́jọ́ 6, wọ́n sì fagi lé e ní ọjọ́ 9 oṣù keje. Ní ọjọ́ 28 oṣù yẹn ni wọ́n bẹ́ orí Thomas Cromwell tó ṣètò ìgbéyàwó náà. Ọba kò fìyà jẹ Holbein.

Àwọn kan ní irọ́ ni Holbein pa, pé ó bu ẹwà kún un. Ó ń dùn mí. Nicholas Wotton, ikọ̀ Ọba ní Cleves, kọ̀wé pé àwòrán Anne àti ti àbúrò rẹ̀ jọ wọ́n. Holbein kò parọ́, ìdúró tó yàn ni kò jẹ́ kí òtítọ́ pé.

Nítorí náà, ìwé 3 ni kí ẹ yà lọ́jọ́ ìjókòó: ọ̀kan ní ìkọjúsíni, ọ̀kan tó ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ọ̀kan tó ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ pátápátá. Kí ẹni náà bọ́ gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀ ná.