Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa ṣájà tí kò lo wáyà

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní àgbègbè Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀. Orí fóònù mi ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí n tẹ̀ ránṣẹ́ sí, nítorí náà, bí fóònù bá kú, ọjà mi dúró nìyẹn. Mo ti lo ṣájà tí kò lo wáyà, ìyẹn àwo pẹlẹbẹ tí a ń gbé fóònù lé kí ó lè gba iná, pẹ̀lú iná ìjọba, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ àti pẹ̀lú páwà báǹkì. Ohun tó dára ni, àmọ́ ẹni tó ń gbé níbi tí iná ti ń ṣe ségesège kò gbọ́dọ̀ gbára lé òun nìkan.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni àǹfààní àti àléébù rẹ̀ ti wá. Wáyà bàbà tí wọ́n wé roboto wà nínú àwo ṣájà náà, irú rẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹ̀yìn fóònù. Bí iná bá ń gba inú wáyà ti àwo kọjá, agbára òòfà tí kò dúró sójú kan yóò jáde lára rẹ̀, yóò sì tún di iná nínú wáyà ti fóònù. Michael Faraday ti fi irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí hàn láti ọdún 1831. Wáyà méjèèjì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, kí wọ́n sì dojú kọ ara wọn gan-an. Bí wọ́n bá yẹ̀ díẹ̀, iná tí kò wọ inú fóònù yóò di ooru.

Ooru yìí ni mo bẹ̀ yín kí ẹ fiyè sí jù. Bátìrì fóònù kì í fẹ́ràn ooru, bí ó bá sì ń gbóná lemọ́lemọ́, kò ní pẹ́ tí kò fi ní lè tọ́jú iná dáadáa mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, fóònù lè gbóná lórí àwo náà débi pé òun fúnra rẹ̀ yóò dín iná tí ó ń gbà kù. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gbé àwo tèmi sórí tábìlì níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tí n kì í sì í gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì rárá.

Bí ó bá jẹ́ ti ká tètè gba iná, ṣájà oníwáyà ló borí. Qi2, ìyẹn ìlànà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń ṣe ṣájà tí kò lo wáyà, tí ó jáde ní ọdún 2023, fi òòfà kún un kí fóònù lè jókòó síbi tó yẹ, ó sì ń fún fóònù ní iná tó tó 15 watt (ìwọ̀n agbára iná) nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù ló ń gba ju èyí lọ láti ara wáyà. Bí wọ́n bá mú iná wá, tí ẹ kò sì mọ ìgbà tí wọn yóò mú un lọ, wáyà ni kí ẹ lò. Bákan náà ni pẹ̀lú páwà báǹkì, nítorí iná tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀ tó èyí tí a lè fi ṣòfò. Pẹ̀lú wáyà, èèyàn tún lè máa lo fóònù lọ́wọ́ bó ṣe ń gba iná.

Síbẹ̀, ibi kan wà tí ṣájà oníwáyà kò ti lè bá àwo yìí dù ú. Ihò tí a ń ki ṣájà bọ̀ lára fóònù máa ń tètè bàjẹ́, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku ń wọ ibi gbogbo. Màmá mi, tí ń gbé ní Ìsọ́kùn ní Iléṣà, kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ wọn sì máa ń gbọ̀n. Wọ́n á máa fi ẹnu wáyà wá ihò náà títí yóò fi sú wọn. Láti ìgbà tí mo ti ra àwo yìí fún wọn, wọ́n kàn ń gbé fóònù lé e ni, wọn kì í sì í dúró de ọmọ aládùúgbò kó tó ran àwọn lọ́wọ́. Nítorí èyí nìkan, inú mi dùn sí owó tí mo ná lé e. Bí òjò bá sì pa fóònù, tí omi wà nínú ihò náà, ẹ lè nu ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì fi àwo fún un ní iná títí inú ihò yóò fi gbẹ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí káàdì ATM, owó wẹ́wẹ́ tàbí irin kankan wà láàárín fóònù àti àwo, torí irin a máa gbóná, káàdì sì lè bàjẹ́. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tí ń mú ọkàn lù dáadáa sí ẹnìkan lára, ilé-iṣẹ́ Apple gbani nímọ̀ràn pé kí fóònù tó ń gba iná báyìí jìnnà sí i ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ rí i dájú pé fóònù yín lè gba irú iná yìí, nítorí ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú kò ní wáyà bàbà náà nínú. Ẹ béèrè irú orí ṣájà tí àwo náà nílò pẹ̀lú, torí orí ṣájà tí kò lágbára tó yóò mú kó máa fà nílẹ̀. Ẹ gbé fóònù yín lé e níṣojú ẹni tó ń tà á, pẹ̀lú àpò tí ẹ máa ń fi bo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì dúró díẹ̀ wò ó bóyá iná ń wọlé.